Ọjọ́ kan lórí òkè Alps pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti Màmá: ọ̀nà wo ló yẹ wá?

ÌyáTọ́lá_Peckham

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín.

Láàárín oṣù kẹjọ, a fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Interlaken, ní Switzerland. Ọjọ́ kan nínú rẹ̀ la fẹ́ fi rìn lórí òkè, gbogbo ilé pátá. Àwa mẹ́fà ni: èmi, ọkọ mi, ọmọ mẹ́ta (ọdún 13, ọdún 9 àti ọdún 4), pẹ̀lú ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde. Màmá ti lé ní ọdún 65, orúnkún ń dùn wọ́n, àmọ́ wọ́n ti sọ pé àwọn ò ní jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì kí àwọn ọmọ ọmọ àwọn máa rìn lórí òkè. Ọmọ ọlọ́dún 9 yẹn, AS ni.

Bàbá Tọ́lá ti wo fídíò títí, ó ní Jungfraujoch, ibùdókọ̀ rélùwéè kan tó wà lórí òkè gíga, la máa lọ, ká wá fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ bá a bá ń bọ̀. Mo wo owó rẹ̀, mo wo bó ṣe ga tó, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọ̀nà tí ọmọ kékeré lè rìn, tí Màmá lè rìn, tí kò sì ní sú ọmọkùnrin mi àgbà ni mò ń wá. Ibo ni ká gbà? Kí la máa gbé dání? Ṣé bàtà kánfáàsì tó àbí ká ra bàtà òkè? Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n_Bern

Ẹ kú ètò ìrìn àjò o, Ìyá Tọ́lá. Bern ni mò ń gbé, agbègbè tí ẹ ń sọ yẹn la sì máa ń kó àwọn ọmọ lọ bí ojú ọjọ́ bá dáa. Ọ̀nà kan wà tí mo rò pé ó bá gbogbo yín mu: láti Männlichen dé Kleine Scheidegg. Panoramaweg ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Ẹ wọ rélùwéè ní Interlaken Ost dé Lauterbrunnen, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni. Níbẹ̀ lẹ máa ti bọ́ sínú rélùwéè kékeré eléyín tó ń gun òkè lọ sí Wengen. Mọ́tò kì í wọ Wengen, ẹni tó bá wa mọ́tò wá, Lauterbrunnen ló máa fi í sílẹ̀ sí. Láti Wengen, cable car, ìyẹn ọkọ̀ tó ń rọ̀ sórí okùn irin, ló máa gbé yín dé Männlichen láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ ti wà ní nǹkan bí 2,230 mítà nìyẹn láì tíì fẹsẹ̀ gun nǹkan kan. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó kù tó kìlómítà mẹ́rin àbọ̀, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ dé Kleine Scheidegg tó wà ní 2,061 mítà. Wákàtí kan àbọ̀ ni wọ́n máa ń kà á sí, àmọ́ pátákó ojú ọ̀nà ní Switzerland kì í ka ìsinmi mọ́ ọn. Pẹ̀lú ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin tó fẹ́ dúró ṣa òkúta, ẹ fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ fún un.

Bẹ́ ẹ ṣe ń rìn, àwọn òkè ńlá mẹ́ta, Eiger, Mönch àti Jungfrau, wà níwájú yín gbangba. Eiger nìkan ga tó 3,967 mítà, ẹ máa rí ògiri òkúta rẹ̀ tó kọjú sí àríwá bí ẹni pé ẹ lè nawọ́ kàn án. Ní Männlichen, pápá ìṣeré ọmọdé wà níbẹ̀ pẹ̀lú màlúù onígi ńlá tí àwọn ọmọ ń gùn. Ẹ fún wọn ní ìdajì wákàtí níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹkún ni wọ́n á fi rin kìlómítà àkọ́kọ́.

Bẹ́ ẹ bá dé Kleine Scheidegg, rélùwéè tó ń padà sí Wengen àti Lauterbrunnen wà níbẹ̀, ẹ ò ní fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí gan-an nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó lọ́ra jù nínú ilé yín ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó yan ọ̀nà fún yín, àwọn yòókù máa rí ohun tí wọ́n á fi dára yá.

Ní ti Jungfraujoch, 3,454 mítà ni. Inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè ni rélùwéè ń gbà débẹ̀ láti ọdún 1912. Ó dára ní wíwò, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ ìrìn ẹsẹ̀ fún ìdílé.

Ọmọ_Ìdànrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, àmọ́ ọ̀nà yẹn ti rọ̀ jù fún ọmọ ọdún 13. Àwa tá a dàgbà sí Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 la máa ń gùn ká tó dé ìlú àtijọ́ lókè, nínú oòrùn, pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Ẹ gba Eiger Trail, láti Eigergletscher sọ̀ kalẹ̀ dé Alpiglen. Nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà ni, abẹ́ ògiri Eiger gan-an lẹ máa gbà kọjá. Ọmọ yẹn ò ní gbàgbé láéláé.

Bàtà eré ìdárayá ti tó, ẹ má náwó dànù. Ìpara oòrùn, ti òyìnbó nìyẹn, awọ tiwa kì í jó.

Nọ́ọ̀sì_Zürich

Àbúrò mi Ọmọ Ìdànrè, ẹ má bínú, mi ò lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìpara yẹn. Awọ dúdú máa ń jó. Dúdú wa ń dáàbò bò wá lóòótọ́, àmọ́ ó níbi tó mọ. Bí èèyàn bá gòkè tó 1,000 mítà, agbára ìtànṣán tó ń jó awọ máa ń fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ níbẹ̀ ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé oòrùn ń pa yín. Ẹ kun ún sí imú, etí, ẹ̀yìn ọrùn. Bí ọmọbìnrin bá di irun, ẹ kun ún sí àlàfo tó wà láàárín ìdì kan àti ìkejì, tàbí kẹ́ ẹ dé fìlà fún un. Mo ti rí ọmọ tí àlàfo irun rẹ̀ bó láti iwájú dé ìpàkọ́, kò lè fi orí kan ìrọ̀rí lálẹ́. Ètè náà ní ìpara tirẹ̀. Awò oòrùn pọn dandan fún gbogbo yín.

Òkè Ìdànrè ò sì tó ìdajì gíga Männlichen. Ẹsẹ̀ lè mọ gígùn, kí afẹ́fẹ́ má tó èèyàn. Ọ̀tọ̀ ni ìkan, ọ̀tọ̀ ni ìkejì.

Ó wá ku ọmọ tó jẹ́ AS. Ìyá Tọ́lá, ẹ fọkàn balẹ̀: ọ̀pọ̀ AS ló ń rìn ní 2,000 mítà láìsí wàhálà. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú tó máa gbé yín wá gan-an dà bíi ti ibi tó ga tó 1,800 sí 2,400 mítà. Àmọ́ àwọn oníṣègùn ti rí i pé AS mìíràn lè ní ìpalára ní ibi gíga, pàápàá bó bá ń ṣe wàhálà tí omi ò sì tó o lára. Ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ ìhà òsì ló máa ń kọlu. Bí ọmọ bá ní ikùn ń dun òun gan-an lápá òkè lọ́wọ́ òsì, bóyá tó ń bì pẹ̀lú, ẹ má sọ pé oúnjẹ ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ wá ilé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì fẹnu ara yín sọ pé AS ni, nítorí dókítà níbí lè má rò ó débẹ̀. Omi ni kó máa mu ní gbogbo ìdajì wákàtí, kó má dúró de òùngbẹ. Jungfraujoch tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,500 mítà, tí rélùwéè gbé e débẹ̀ láàárín àárọ̀ kan, èmi ò ní mú un lọ láìkọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ibẹ̀ ti fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti etí òkun.

Ẹni tó bá ń ka èyí tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ SS tàbí SC, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ pátápátá. Afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́, òtútù, òùngbẹ, àárẹ̀: gbogbo ohun tó ń jí ìrora fòníkú-fọ̀ladìde ló pé sórí òkè. Ẹ rí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Àfonífojì Lauterbrunnen tó wà ní nǹkan bí 800 mítà lẹwà tó láti lo odindi ọjọ́.

Arẹ́wà_Leeds

Ìbéèrè kan, mà. Màmá tó wá láti Ìjẹ̀bú, ṣé wọ́n ní físà Schengen, ìyẹn ti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà? Físà ìlú ọba ò mú èèyàn wọ Switzerland. Ẹni tó ní páspọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ń wọlé láìgba físà, àmọ́ páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ti Schengen. Ibi tí èèyàn ń gbé ni wọ́n sì sábà máa ń ní kó ti gbà á, ìyẹn Nàìjíríà fún wọn. Mo mọ ìdílé tí wọ́n ti sanwó hòtẹ́ẹ̀lì tán kí wọ́n tó mọ̀.

ÌyáTọ́lá_Peckham

Ẹ ṣé gan-an, Arẹ́wà. Físà Màmá ti jáde kí wọ́n tó kúrò nílé, èyí tí wọ́n lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni wọ́n fún wọn.

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, mà. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìhà òsì yẹn rí. Mo ti pe ọ́fíìsì dókítà wa láti béèrè.

Mo tún ní ìbéèrè méjì. Ọmọ ọlọ́dún 4 yẹn kì í rìn jìnnà, ṣé mo lè ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́nà yẹn? Oúnjẹ ńkọ́? Mo fẹ́ gbé ìrẹsì àti adìẹ díndín láti ilé.

Adùkẹ́_Innsbruck

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Orí òkè Austria lèmi ti ń rìn, àmọ́ òkè lòkè ń jẹ́. Ohun méjì tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ: àrá àti màlúù.

Lóṣù keje àti oṣù kẹjọ, àárọ̀ lè mọ́ kedere kí òjò àti àrá wọlé lọ́sàn-án. Oòrùn á mú ilẹ̀ gbóná, ooru á gòkè, ìkùukùu funfun á máa ga bí ilé alájà. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń dúdú nísàlẹ̀, ẹ má dúró. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí àrá bá sán kẹ́ ẹ tó ka ọgbọ̀n, kò jìnnà mọ́, ẹ kúrò ní gbangba orí òkè. Ẹ má sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo, ẹ má di okùn onírin mú, ẹ fi ọ̀pá ìrìn yín sílẹ̀. Bí kò bá sí ilé nítòsí, ẹ lóṣòó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì so pọ̀, kí ẹ̀yin náà jìnnà síra yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé cable car àkọ́kọ́ láàárọ̀ lẹ máa wọ̀, kẹ́ ẹ sì ti parí ìrìn kí aago méjì tó lù.

Màlúù: lóṣù kẹjọ, inú pápá orí òkè ni wọ́n wà, ọ̀nà ẹsẹ̀ sì máa ń gba àárín wọn kọjá. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n, àmọ́ abo tó ní ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í gba ẹ̀tàn. Ní Stubai, nítòsí ibi tí mò ń gbé níbí, màlúù pa obìnrin kan tó mú ajá dání ní 2014. Ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ fọwọ́ pa ọmọ màlúù lórí, ẹ yí wọn ká láti òkèèrè, ẹ má sáré, ẹ má pariwo. Ẹnu ọ̀nà oníwáyà tẹ́ ẹ bá bá, iná ń bẹ lára rẹ̀: ibi tí wọ́n fi rọ́bà bò lẹ máa dì mú, kẹ́ ẹ sì tì í padà lẹ́yìn yín.

Dúpẹ́_Munich

Àǹtí Adùkẹ́, mo gbà fún yín lórí àrá, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi cable car àkọ́kọ́ dẹ́rù ba abiyamọ. Láti Interlaken, ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n máa wọ̀ kí wọ́n tó dé Männlichen. Kí wọ́n tó bá ti àkọ́kọ́, aago márùn-ún ni kí ìyá ti jí ọmọ mẹ́ta àti àgbàlagbà. Ọmọ tí kò sùn dáadáa, kìlómítà kan ló máa rìn kó jókòó sílẹ̀. Lójú tèmi, bí wọ́n bá dé orí òkè ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀ sí mẹ́wàá, ìrìn wákàtí mẹ́ta á parí kí ọ̀sán tó pọ́n tán. Aago tó ṣe pàtàkì jù ni ti ọkọ̀ ìkẹyìn tó ń sọ̀. Ẹ yà á sínú fóònù láti ìsàlẹ̀. Òkè tí ọkọ̀ ìkẹyìn bá já yín sí, ẹsẹ̀ lẹ máa fi sọ̀ ọ́.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ: ẹ fi sílé. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà lójú ọ̀nà, táyà kékeré á máa há.

Ẹ̀gbọ́n_Bern

Dúpẹ́, kẹ̀kẹ́ táyà ńlá máa ń kọjá níbẹ̀, mo ń rí wọn. Èyí tí wọ́n ń ká pọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú ni kò lè ṣe é. Àmọ́ ọmọ ọlọ́dún 4 tí ara rẹ̀ dá, jẹ́ kó rìn. Bó bá rẹ̀ ẹ́, kí bàbá rẹ̀ gbé e.

Àbẹ̀ní_Milan

Ọ̀já ńkọ́? Ọ̀já lèmi fi pọn tèmi lórí òkè Dolomites, ọwọ́ mi méjèèjì ṣófo, ara ọmọ móoru, ó sì sùn lọ fọnfọn.

Dúpẹ́_Munich

Ọmọ ọdún méjì, bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin wúwo, tó bá sì ń mira lẹ́yìn níbi tí ilẹ̀ ti ń sọ̀, ẹsẹ̀ ìyá lè yẹ̀. Báàgì onírin tí wọ́n ń gbé ọmọ sí lẹ́yìn ló dáa jù, àwọn tó ń ta nǹkan eré ìdárayá máa ń yá èèyàn. Bàbá Tọ́lá ni kó gbé e.

Àbẹ̀ní_Milan

Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ n wá sọ̀rọ̀ Màmá, nítorí mo mú ìyá tó bí mi lọ sórí òkè, orúnkún tiwọn náà ń dùn.

Gbogbo yín ń sọ pé ọ̀nà náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé ìsọ̀kalẹ̀ ló rọrùn. Orúnkún tó ń dùn, ìsọ̀kalẹ̀ gan-an ló ń pa á. Gígùn ń gba èémí, ìsọ̀kalẹ̀ ń gba orúnkún. Láti Männlichen dé Scheidegg kò sọ̀ tó 200 mítà, ìyẹn ṣì mọ níwọ̀n, àmọ́ ẹ ra ọ̀pá ìrìn méjì fún Màmá, kì í ṣe ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ń sọ̀, ẹ fa ọ̀pá náà gùn díẹ̀, kí ọwọ́ gba lára ẹrù ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi dánra wò ní páàkì nílé kẹ́ ẹ tó lọ. Ìyá mi kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní arúgbó ni mò ń sọ àwọn dà. Nígbà tí wọ́n rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi méjì-méjì kọjá, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín: kò pọn dandan kí Màmá rin ọ̀nà yẹn rárá kí wọ́n tó bá yín jẹun níwájú Eiger. Rélùwéè láti Wengen ń lọ tààrà sí Kleine Scheidegg. Bí ara wọn ò bá yá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí ẹnì kan bá wọn wọ rélùwéè, kí ẹ̀yin yòókù gba Männlichen, ẹ ó pàdé lókè. Wọ́n á jókòó nínú oòrùn, wọ́n á máa wo bẹ́ ẹ ṣe ń bọ̀.

Bí ojú ọjọ́ bá sì kọ̀, ẹ rìn ní àfonífojì láti Lauterbrunnen lọ sí Stechelberg. Ilẹ̀ títẹ́ ni, bọ́ọ̀sì ń gba ibẹ̀ tó lè gbé yín níbikíbi tó bá ti sú yín. Omi Staubbach tó ń já bọ́ láti nǹkan bí 300 mítà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ máa rí i bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ ẹ dànù kó tó kan ilẹ̀. Trümmelbach náà wà lọ́nà. Inú òkúta ni omi ti ń pariwo, omi yìnyín Eiger, Mönch àti Jungfrau ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ó lè tó 20,000 lítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọn kì í gba ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́rin wọlé, tiyín á wọlé. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tutù, ó ń yọ̀, nítorí náà kí Màmá dúró níta.

Ọmọ_Ìdànrè

Nọ́ọ̀sì, mo gba ọ̀rọ̀ ìpara, mà. Àmọ́ mo ṣì dúró lórí ti ọmọ ọdún 13. Bí gbogbo ọjọ́ bá jẹ́ ti ọmọ kékeré àti ti àgbà, ọmọ yẹn á kan tẹ́lẹ̀ wọn ni, fóònù lá máa tẹ̀. Ẹ pín ara yín lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Kí òun àti bàbá rẹ̀ wọ rélùwéè láti Kleine Scheidegg dé Eigergletscher, kí wọ́n rin Eiger Trail dé Alpiglen. Rélùwéè wà ní Alpiglen. Ìyá, Màmá àti àwọn kékeré á ti máa sọ̀ lọ sí Wengen jẹ́jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Bern

Èyí dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan díẹ̀ kún un. Pátákó aláwọ̀ òféèfèé lásán, ọ̀nà ẹnikẹ́ni ni. Pátákó tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ funfun, pupa, funfun, ọ̀nà òkè nìyẹn: ó ń fẹ́ ẹsẹ̀ tó dájú, bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní eyín, àti ojú tí kì í pòòyì. Funfun, búlúù, funfun, ẹ má gbà á rárá. Eiger Trail jẹ́ ti pupa. Láti 2,320 mítà dé 1,616 mítà, ó lé ní 700 mítà tí wọ́n máa sọ̀, wákàtí méjì ó kéré tán. Ìdí tí bàtà eré ìdárayá lásán ò fi tó nìyẹn, Ọmọ Ìdànrè. Fún ẹni tó bá dúró lórí Panoramaweg, bàtà eré ìdárayá tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ tó. Fún bàbá àti ọmọ tó fẹ́ Eiger Trail, kí wọ́n ra bàtà òkè nísinsìnyí, kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà àti ilé ẹ̀kọ́, kí bàtà tuntun má baà bó wọn lẹ́sẹ̀ lókè.

Bó bá ti ń lọ sí aago méjì tí ìkùukùu ti ń ga, kí wọ́n má lọ. Ọ̀nà kúkúrú kan wà láti Eigergletscher padà sí Kleine Scheidegg, nǹkan bí wákàtí kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ adágún kékeré Fallboden kọjá. Ìyẹn náà á tẹ́ ọmọ ọdún 13 lọ́rùn.

Nọ́ọ̀sì_Zürich

Bí wọ́n bá máa pínyà, kí apá kọ̀ọ̀kan ní omi tirẹ̀, owó tirẹ̀, ẹ̀wù òjò tirẹ̀, àti fóònù tó ń ṣiṣẹ́. Switzerland ò sí nínú EU, nítorí náà ilé iṣẹ́ fóònù ìlú ọba mìíràn máa ń gba owó gọbọi níbẹ̀ bẹ́ ẹ tilẹ̀ ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ ní Faransé. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ gba máàpù swisstopo sórí fóònù nígbà tẹ́ ẹ bá ní Wi-Fi.

Nọ́ńbà pàjáwìrì: 112 ń ṣiṣẹ́ káàkiri Yúróòpù. 1414 ni ti Rega, àwọn tó ń fi hẹlikọ́pítà gbé èèyàn ní Switzerland. Ìrànlọ́wọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹ wo ìwé adójútòfò yín bóyá ó kan gbígbé èèyàn lórí òkè. Bí fóònù ò bá lọ, fèrè ni: ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ so fèrè mọ́ báàgì ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀wù òtútù náà: ibi tẹ́ ẹ bá ti gòkè tó 1,000 mítà, òtútù máa ń fi nǹkan bíi dígíríìsì mẹ́fà àbọ̀ pọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ 27 ní Interlaken, ẹ retí 16 ní Männlichen, kí atẹ́gùn tó dé. Jíìnsì kò dáa, tó bá ti tutù, kò ní gbẹ mọ́.

ÌyáOlóúnjẹ_Basel

Ẹnikẹ́ni ò dá Ìyá Tọ́lá lóhùn lórí oúnjẹ! Ìyàwó wa, ẹ má gbé adìẹ yẹn wá láti London. Ẹran àti wàrà láti ìlú ọba, wọn kò gbà á wọ Switzerland, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ni. Ìrẹsì, ata gbígbẹ, gàrí, ẹ̀pà, ṣin-ṣin tí ẹ ò fi wàrà pò, ìwọ̀nyí ò ní wàhálà. Ẹ ra adìẹ ní ṣọ́ọ̀bù Migros tàbí Coop ní Interlaken lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ dín in níbi tẹ́ ẹ bá dé sí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbí kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, àyàfi ti ibùdókọ̀ rélùwéè, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ tó jẹ́ ọjọ́ orílẹ̀-èdè wọn.

Lókè, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù inú fúláàsìkì oúnjẹ máa ń gbóná títí ọ̀sán. Mọ́ínmọ́ín tó ti tutù rọrùn fún ọmọ kékeré jù, kì í dànù, kò nílò ṣíbí. Ẹyin sísè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà sísun fún ìpanu. Ẹ má fi ata pọ̀ jù, òùngbẹ ni ẹ ń sá fún. Ilé oúnjẹ wà ní Männlichen àti Scheidegg, àmọ́ ìdílé ẹni mẹ́fà á mọ̀ ọ́n lára. Omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ní ìlú kéékèèké ṣe é mu, àyàfi tí wọ́n bá kọ «Kein Trinkwasser» (kì í ṣe omi mímu) sí i. Gbogbo ìdọ̀tí yín, títí kan èèpo ẹ̀pà, inú báàgì ló máa bá yín sọ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́: bẹ́ ẹ bá ra Swiss Travel Pass (tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tẹ́ ẹ lè fi wọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Switzerland), ẹ béèrè Swiss Family Card mọ́ ọn, kì í gba owó. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á bá òbí rẹ̀ rìn lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ tí kò tó mẹ́fà kì í sanwó tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ibi tí Pass yẹn ti ń ṣiṣẹ́ tán lápá ibẹ̀ ni Wengen. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ẹ̀dínwó ni wọ́n máa fún yín.

ÌyáTọ́lá_Peckham

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Bàbá Tọ́lá ti ka gbogbo rẹ̀, ó ti gbà fún Männlichen, òun àti ọmọ rẹ̀ ti ń wá bàtà òkè kiri báyìí. Màmá ní àwọn máa rìn, àwọn ò wọ rélùwéè, a ó wò ó lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè tó kù mi: ṣé kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì cable car sílẹ̀ láti London, kí owó rẹ̀ má lọ sókè?

Dúpẹ́_Munich

Rárá o. Bẹ́ ẹ bá ra ti ọjọ́ kan pàtó sílẹ̀, òjò lè rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ ó sì fẹ́ gòkè nítorí owó tó ti lọ. Ẹ mú ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra nínú ọ̀sẹ̀ yín, ẹ má fi nǹkan míì sí i. Ẹ máa wo MeteoSwiss, àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí ní Switzerland, lálaalẹ́.

Àbẹ̀ní_Milan

Dúpẹ́ sọ òótọ́. Kámẹ́rà tún wà ní Männlichen tó ń fi orí òkè hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí i ní aago méje àárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàtà. Bẹ́ ẹ bá rí Eiger, ẹ gbéra. Bó bá funfun báláú, àfonífojì ni, kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì Stechelberg, kẹ́ ẹ tún wo kámẹ́rà lọ́la.